Èèyàn Méjì, Ọwọ́ Kan: Bàbá Gyellesu àti Gíríìlì Wọn

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a sin bàbá àgbà mi, mo dúró létí sàréè, omi ń bọ́ lójú mi, síbẹ̀ ẹ̀rín ń pa mí nínú. Sàréè náà ti gùn jù. Ó fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì gùn ju ẹni tí a fẹ́ tẹ́ sínú rẹ̀ lọ. Ká ní bàbá àgbà mi lè dìde jókòó díẹ̀ ni, wọn ì bá fa téèpù yọ lápò, wọn ì bá wo àwọn tó gbẹ́ ẹ láti òkè dé ilẹ̀, wọn ì bá sì béèrè ohun tí wọ́n ti ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ ní Zaria láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú: “Ta ló wọ̀n ọ́n?”

Èmi ni Ràṣídì. Àwọn ni wọ́n bí ìyá mi. Ọmọ Ìlọrin ni wọ́n, àmọ́ ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti tẹ̀dó sí Zaria. Àdúgbò Gyellesu ni ilé wọn wà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àwa ọmọ ọmọ fi ń pè wọ́n ní Bàbá Gyellesu, tí a sì ń pe ìyàwó wọn ní Ìyá Gyellesu. Ní Samaru ni Bàbá ti ṣiṣẹ́, ní ilé iṣẹ́ irin tó wà ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń gé irin, bí a sì ṣe ń jó o pọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà, wọ́n dá ẹ̀wù iṣẹ́ padà. Wọn kò dá téèpù padà. Inú àpò jalabíà wọn ló ń gbé, òun àti tẹ̀sùbáà, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà míì, bí wọ́n bá ki ọwọ́ bọ àpò lẹ́yìn ìrun, téèpù ni yóò jáde.

Ìyá mi máa ń sọ bí bàbá mi ṣe wá tọrọ òun. Bàbá mi ti múra ìdáhùn sílẹ̀: ó mọ iye súrà tó há sórí, ó lè ka àwọn baba ńlá rẹ̀ dé ẹni karùn-ún. Bàbá Gyellesu kò béèrè ọ̀kankan. Wọ́n ní kó mú àwọn lọ sí yàrá tó ń gbé ní Muchia. Wọ́n wọn ilẹ̀kùn, wọ́n wọn ògiri, wọ́n mi orí.

“Bẹ́ẹ̀dì tí mo kàn fún ọmọ mi kò ní gba ibí wọlé. Lọ wá yàrá míì.”

Bàbá mi, tó jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó lẹ́nu díẹ̀ nígbà yẹn, ní, “Bàbá, ṣebí ìfẹ́ la fi ń gbélé.”

“Òótọ́ lo sọ. Ìfẹ́ lè gba ibi tóóró kọjá. Bẹ́ẹ̀dì kò lè gbà á.”

Ó wá yàrá míì.

Kì í ṣe pé Bàbá háwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí nǹkan tóbi ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Inú máa ń bí wọn sí bàtà tó tú lẹ́sẹ̀, sí ọ̀rọ̀ gígùn níbi ìsọmọlórúkọ, sí ife tíì tó ga tí wọ́n bu tíì díẹ̀ sí nísàlẹ̀. Hajiya Lami, obìnrin tó ń ta èédú létí ọ̀nà nítòsí ilé wọn, jìyà wọn púpọ̀. Bí Bàbá bá dé ìsọ̀ rẹ̀, wọn kò ní gbé àpò tó ti dì sílẹ̀. Wọ́n á tú u, wọ́n á ṣa èédú náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá tó ẹyin adìyẹ, wọ́n á mú un, èyí tó bá tó ìkúùkù, wọ́n á dá a padà. Hajiya á gbé ọwọ́ lérí.

“Haba Baba! Gawayi ne fa, ba zinariya ba!” Èédú ni o, kì í ṣe wúrà.

Lọ́jọ́ kan tí mo tẹ̀lé wọn lọ, ojú tì mí, mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbé e bẹ́ẹ̀. Èédú kò ju èédú lọ.”

Wọ́n gbé ọ̀kan tó tóbi bí orí ọmọ tuntun sókè, wọ́n fi hàn mí. “Wo eléyìí. Ọmọ olówó ni. Ó pẹ́ kó tó gbóná, ó tún pẹ́ kó tó gbọ́n.”

Ohun kan ṣoṣo wà láyé tí Bàbá wọ̀n, wọ̀n, wọ̀n, tí wọn kò rí tún ṣe. Ìkòkò Ìyá ni.

Ọmọ mẹ́fà ni Ìyá bí, Gàníyù ni àkọ́bí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá tún wá gbé lọ́dọ̀ wọn láti Ìlọrin nítorí ilé ìwé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ ẹnì kankan ní Zaria náà a sì máa wá jẹun lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kì í wọ́n nídìí àwo lọ́jọ́ kan. Gbogbo wọn dàgbà, gbogbo wọn lọ. Ìkòkò kò lọ. Ìyá kò mọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ èèyàn méjì, wọn kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọbẹ̀ tí wọ́n bá sè lọ́jọ́ Àlàámísì, Bàbá á jẹ ẹ́ ní Jímọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́ ní Sátidé, wọ́n á máa gbé e kaná, wọ́n á máa sọ̀ ọ́, títí Àlàámísì míì á fi dé bá a. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Bàbá ṣí ìdérí ìkòkò, tí wọ́n wo inú rẹ̀, tí wọ́n sì pe Ìyá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Ìyá Ganí. Ọbẹ̀ yìí pé ọjọ́ mẹ́jọ lónìí. Orúkọ wo la fẹ́ sọ ọ́?”

Ìyá ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Wọn kò gbójú sókè. “Bí àlejò bá dé ńkọ́?”

“Kò sí àlejò, Àṣàkẹ́. Àwa méjì náà ni.”

“Wọ́n á dé. Ìkòkò tí kò lè gba àlejò, ife ni.”

Bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe máa ń parí nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí gbogbo wa á máa wá ariwo ìkòkò yẹn nínú ilé tí a kò ní gbọ́ ọ.

Ó ku bí ọdún méjì àti ààbọ̀ kí Bàbá kú. Ìyá ń ṣe àlùwàlá Àsùbáà ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù wọ́n. Ọlọ́run ṣeun, ahọ́n wọn padà, ẹsẹ̀ wọn padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń rìn bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò padà. Ó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí ọwọ́ ẹ̀wù tí wọ́n sá. Ìyá mi wá láti Ìlọrin tó ń gbé, ó lo oṣù kan, iṣẹ́ pè é padà. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ní Samaru kó ẹrù mi kúrò ní yàrá mi ní Muchia, mo wá ń sùn ní pálọ̀ wọn.

Ohun tó dẹ́rù bà wá jù ni pé Ìyá kò jẹun mọ́. Wọ́n lè jẹun o, dókítà wò ó, kò sóhun tó ṣe ọ̀fun wọn. Wọn kò kàn fẹ́ oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè ni. Èmi sè é, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀. Aládùúgbò gbé tuwo wá, wọ́n ní àwọn dúpẹ́, wọ́n gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbà ọwọ́ wọn ń yọ̀ bọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Dókítà sọ fún wa ní gbangba pé bí wọn kò bá jẹun, oògùn tí wọ́n ń lò kò ní dúró. Mo bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú omijé lọ́jọ́ kan. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún nù mí lójú, wọ́n ní, “Ràṣídì, ẹni tí kò lè gé àlùbọ́sà, kí ló ń jẹ ọbẹ̀ fún?”

Bọ̀dá Gàníyù, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní Àbújá, gbọ́ pé ìyá òun kò jẹ ọbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Ohun tó máa ń ṣe bí ọ̀ràn bá dùn ún ni pé ó máa ń ra nǹkan. Ó ronú pé ẹni tí kò jẹ ọbẹ̀ lè jẹ ẹran sísun, nítorí Ìyá fẹ́ràn ẹran tí wọ́n fi yàjì, ata súyà, sí, tí wọ́n sun lórí èédú. Ó ra gíríìlì ránṣẹ́. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní ìdérí, ó ní táyà méjì, ó ní ihò tí èéfín ń gbà jáde, ó ní tábìlì lápá ọ̀tún, ó ní ìkọ́ mẹ́jọ. Bàbá yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n fa téèpù yọ, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n dá téèpù padà sápò láìsọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé wàhálà ti dé.

A dán an wò lọ́jọ́ Sátidé. A da èédú sí i, ó gbé e mì. A tún dà sí i, ó tún gbé e mì. Kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó bò tán, àpò èédú Hajiya Lami ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. A to ẹran tiwa sórí rẹ̀, ẹran èèyàn mẹ́ta. Ó wà ní igun kan, ó dà bí ewúrẹ́ mẹ́ta tó jẹ̀ wọ pápá bọ́ọ̀lù. Ìyá jókòó sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò wá.

“Ẹ gbé pósí yẹn kúrò níwájú mi,” ni ohun tí wọ́n sọ.

Bàbá gbé fóònù, wọ́n gbé e sún mọ́ ẹnu bí ẹni tó fẹ́ mu omi, wọ́n sì pariwo sínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí wọ́n bá ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: “Gàníyù! O ṣé o! Ọlọ́run á bù sí i fún ẹ! Wá gbé mọ́tò ẹ!”

Àmọ́ Bàbá ti rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn tí èmi kò rí. Wọn kò sọ fún mi títí ọjọ́ mélòó kan fi kọjá. Bí èéfín ẹran ṣe ń fẹ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún Ìyá ń mì lórí itan wọn, ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ọwọ́ ẹni tó mú abẹ̀bẹ̀ dání. Ìyá fúnra wọn kò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àyìlá, Ìyá sùn sórí ẹní. Mo jáde láti inú ilé, mo rí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́. Téèpù máa ń dún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú okùn. Wọ́n fi okùn náà wọ̀n láti èjìká Ìyá dé orí ìka, wọ́n ta kókó sí i. Wọ́n wọ̀n láti ìbàdí dé èjìká, wọ́n ta kókó. Wọ́n rá lọ sísàlẹ̀, wọ́n wọ̀n láti orúnkún dé gìgísẹ̀. Wọ́n ń ta kókó kẹta lọ́wọ́ ni ojú Ìyá là.

“Bàbá Ganí.”

“Hẹ̀n-ẹ́n?”

“Kí lẹ ń wọ̀n?”

Bàbá kò mọ irọ́ pa. “Mò ń wọn ẹní ni.”

“Orúnkún mi ló ń jẹ́ ẹní?” Ìyá gbé orí sókè, wọ́n wo okùn, wọ́n wo ara wọn bí wọ́n ṣe nà gbalaja, ojú wọn sì yí padà. “Likkafani! Aṣọ òkú mi lẹ ń wọ̀n! Háà, Bàbá Ganí! Ẹ kò tiẹ̀ lè dúró kí n kú ná?”

Ohùn Ìyá tí kò tíì ròkè láti ìgbà àìsàn náà, ó ròkè lọ́jọ́ yẹn. Àwọn aládùúgbò dé. Kí ìrun Àláásárì tó dé, Bọ̀dá Gàníyù ti pè láti Àbújá: “Bàbá, kí ni mò ń gbọ́ pé ẹ ti ń wọn Ìyá?” Ìyá mi pè láti Ìlọrin, ó ń sunkún. Lẹ́yìn Mángàríbà, lèmọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wọlé, ó jókòó ti Bàbá, ó di ọwọ́ wọn mú, ó ní, “Alhaji, sùúrù.” Bàbá gbé okùn wọn sápò, wọ́n dìde lọ ṣe àlùwàlá.

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, Ìyá kò bá wọn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko tí obìnrin kan fi dùbúlẹ̀, tó ń rò pé ọkọ òun ń retí ikú òun. Inú bí mi. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, mo dúró níwájú Bàbá, mo sì sọ̀rọ̀ sí wọn bí n kò ṣe sọ̀rọ̀ sí wọn rí. Mo ní ìwà ìkà ni. Mo ní bí wọ́n bá ní nǹkan tí wọ́n ń ṣe, kí wọ́n la ẹnu sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń mì fún mi. Wọ́n fẹ́ wá gíríìlì tí Ìyá lè jókòó tì, tí ọwọ́ kan lè kárí rẹ̀.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún wọn?”

Bàbá ní, “Bí mo bá sọ fún un pé nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni mo ṣe ń wá a, ọwọ́ náà ni yóò máa wò. Iná ni mo fẹ́ kó máa wò.”

A wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sabon Gari lọ́jọ́ kejì, èmi, Bàbá, okùn oníkókó mẹ́ta, àti àpótí ìjókòó kan láti ilé ìdáná. Bí a bá dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta gíríìlì, Bàbá á gbé àpótí kalẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á fi ọwọ́ òsì sábẹ́ itan, wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún sí gíríìlì, wọ́n á ṣe bí ẹni ń yí ẹran. Èèyàn ń pé jọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan tó ń tajà níbẹ̀ rò pé orí wọn ti dàrú, ó yọ́ bi mí léèrè bóyá mo ti mú wọn lọ sí ọsibítù.

Gíríìlì àkọ́kọ́ tí ọmọ Ọ̀yọ́ náà mú jáde, agolo kékeré ni wọ́n fi ṣe é. Bàbá ní, “Èyí máa gba ẹran méjì, ẹ̀kẹta á dúró máa wòran.” Èkejì fẹ̀ dáadáa, àmọ́ àwọ̀n irin orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan èédú. Bàbá ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, ìka méjì péré ló wọlé. “Ìka mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ wà láàárín iná àti ẹran. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iná á bo ẹran lójú, inú rẹ̀ á tutù.” Ẹ̀kẹta dára, ojú mi ti ń dán. Bàbá fi ìka kan tì í. Ó mì. Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí wọn. “Ẹni tó bá ní ọwọ́ méjì lè fi ọ̀kan di èyí mú.” Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ Ọ̀yọ́ náà.

Bí a ṣe dé ọ̀dọ̀ Malam Habu nìyẹn, wẹ́dà kan tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá nígbà kan. Bàbá fi ẹfun ya á sílẹ̀ fún un: gígùn rẹ̀ kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ nísàlẹ̀ kó má bàa dojú dé, ojú kan wà tí èédú á wà, ojú kan sì wà tí kò ní sí èédú, kí èyí tó bá jinná lè máa dúró níbẹ̀ láìjóná. Àwọ̀n irin orí rẹ̀ jẹ́ méjì tó pàdé bí ìwé, kí èèyàn lè ki ẹran sáàárín, kó sì fi ọwọ́ kan yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a padà lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Habu gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Bàbá tún ní kó gé ìbú èékánná kan sí i, Habu bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀.

“Baba, mutum nawa za a yi wa girki ne?” Èèyàn mélòó la fẹ́ máa dáná fún gan-an?

“Mutum biyu, Habu,” ni Bàbá wí. Èèyàn méjì. Wọ́n gbé ìka kan sókè. “Hannu ɗaya.” Ọwọ́ kan.

Habu gé e.

Ó yẹ kí n sọ pé Bàbá mọ ẹran sun. Gbogbo Iléyá tí mo mọ̀ láyé mi, àwọn ló máa ń dúró ti iná, ẹran wọn kì í gbẹ, kì í tutù. Nítorí náà, ẹ̀rù bà mí nígbà tí wọ́n gbé gíríìlì kékeré náà sí àgbàlá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ní iwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, tí wọ́n jókòó tì í, tí wọ́n sì jó ẹran náà di èédú. Wọ́n bù ú jẹ. Mo bù ú jẹ. “Ó dùn,” ni wọ́n wí, eyín wọn dúdú.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀jẹ̀ ń yọ nínú rẹ̀. A jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n jẹ́ kí iná kú dé ìdajì. Ohùn kan jáde láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn tí kò tíì bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ okùn.

“Ẹ fẹ́ ẹ.”

“Kí ni?”

“Mo ní ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣé ẹ kò rí i pé ó ń kú ni?”

Bàbá lọ dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ń lọ dípò ibi tó ti ń bọ̀, wọ́n fẹ́ ẹ pẹ̀lú gbogbo agbára wọn. Eérú gbéra, ó bo ẹran, ó bo èmi náà. Ìyá pòṣé, ó dún dé ojú títì.

“Ọkùnrin tó ti ń sun ẹran láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n!”

“Ogbó ni, Àṣàkẹ́. Mo ti gbàgbé.”

Ìyá wò wọ́n. Bàbá wo abẹ̀bẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹran kò tíì kan iná tí Ìyá fi ní, “Ràṣídì, gbé mi dìde.” Mo dì wọ́n mú dé ìdí gíríìlì. Bàbá ti dìde lórí àpótí kí a tó dé ibẹ̀. Ìyá jókòó. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, orúnkún wọn kò ká sókè, kò sì rọ̀. Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún, ó dé ìpẹ̀kun gíríìlì láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ síwájú. Wọ́n fa ọwọ́ náà padà. Wọ́n tún nà á. Wọ́n wo ẹsẹ̀ gíríìlì, wọ́n wo àwọ̀n irin tó ń ṣí bí ìwé, wọ́n wá gbé ojú sókè wo Bàbá, wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ti ń múra ẹkún sílẹ̀.

“Ẹ yà lọ́nà,” ni Ìyá wí. “Ẹ ń dí afẹ́fẹ́.”

Wọ́n sun ún. Wọ́n fi ọwọ́ kan ṣoṣo fẹ́ iná, wọ́n gbé abẹ̀bẹ̀ kalẹ̀, wọ́n yí ẹran, wọ́n wọ́n yàjì sí i, wọ́n tún gbé abẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n gé àlùbọ́sà, wọ́n sì bú mi pé mo gé e nípọn. Nígbà tó jinná, wọ́n mú èyí àkọ́kọ́, wọ́n fi sí Bàbá lẹ́nu. Bàbá jẹ ẹ́ pẹ́, ojú wọn dì bí ti adájọ́.

“Ó dáa. Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀.”

Ìyá fi abẹ̀bẹ̀ gbá wọn lórúnkún. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Ìyá, wọ́n rín, wọ́n rín títí omi fi yọ lójú wọn, wọ́n sì ń jẹ ẹran láàárín ẹ̀rín náà. Ègé mọ́kànlá ni Ìyá jẹ. Mo kà á. Bàbá náà kà á, mo rí ètè wọn tó ń mì.

Gíríìlì ńlá ńkọ́? Bàbá ti fi í tọrẹ fún mọ́sálásí àdúgbò, níbi tí wọ́n ti ń dáná fún àwọn tó ń ṣínu nínú ààwẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá Gàníyù kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá fún Iléyá, tí ìyá mi náà kó àwọn àbúrò mi dé, a di èèyàn mẹ́rìnlá tó yí gíríìlì kékeré ká. Ẹran ń jinná ní mẹ́rin-mẹ́rin. Àwọn ọmọdé tò, wọ́n ń ti ara wọn. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, Bọ̀dá Gàníyù kò tíì jẹ ju ègé mẹ́ta lọ, Ìyá sì jókòó sórí àpótí bí ọba, wọ́n ń pín ẹran fún ẹni tó bá wù wọ́n. Bọ̀dá Gàníyù kò lè mú un mọ́ra mọ́.

“Bàbá, ẹ dákun, ta ló ń ra irú èyí fún ìdílé? Báwo ni èèyàn mẹ́rìnlá ṣe máa jẹun lórí rẹ̀?”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀, èyí tí wọn kì í sábàá ṣe. “Gàníyù, èèyàn méjìlá ló wá kí wa, Ràṣídì náà wà nínú wọn. Ẹ ṣeun, ẹ kú ọdún. Àwa méjì là ń gbébẹ̀.”

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Bàbá fi ṣàìsàn kí wọ́n tó kú. Ìgbà ọyẹ́ ni, ikọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwọn ọmọ pé jọ sí pálọ̀, wọ́n ní Ìyá kò lè dá gbé, kí wọ́n múra Àbújá. Ìyá ní opó kì í kúrò nílé kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, Bọ̀dá Gàníyù tún dé pẹ̀lú mọ́tò. Ìyá fún un ní ẹran jẹ, wọ́n fún un ní omi, wọ́n ṣàdúà fún un, wọ́n sì ní kó máa lọ kí ilẹ̀ má bàa ṣú bá a lójú ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọ obìnrin Hausa kan tó gba yàrá ẹ̀yìn ń gbọ́ bí àwọn bá pè é, ìyẹn tó.

Èmi náà ní láti padà sí Muchia. Mo ti ń fẹ́ ìyàwó, ìyàwó kò lè máa wá bá mi ní pálọ̀ ìyá àgbà. Mo sọ ọ́ fún Ìyá pẹ̀lú ìtìjú lọ́jọ́ tí mò ń di ẹrù mi. Mo rò pé wọ́n á sunkún. Wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe.

“Ṣé wàá máa bọ̀ ní Sátidé?”

“Màá máa bọ̀ ní gbogbo Sátidé, Ìyá. Ìnṣá Allah.”

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Bí o bá ń bọ̀, má jẹun wá o. Ẹran kì í dùn lẹ́nu ẹni tó ti yó.”